Ṣé ohun àtijọ́ nìkan là ń pè ní "àṣà"?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé ṣáájú dábàá pé nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́, kí "àṣà" dúró fún ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa nìkan, kí gbogbo ohun tó bá ti yí padà máa jẹ́ "àrà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gbà fún yín lórí èyí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ìtumọ̀ tí ẹ fún "àṣà" ti ní orúkọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: "àbáláyé". Ẹ tú u wò: ohun tí a bá láyé. Kò sẹ́ni tó yàn án, a wáyé, a bá a níbẹ̀. "Àṣà" ńkọ́? Inú "ṣà" ni àwọn onímọ̀ kan ti fà á yọ, "ṣà" tó wà nínú "àṣàyàn", tí a fi ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹnì kan lè ní orísun ọ̀rọ̀ kì í de ìtumọ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. A pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì; lónìí, olùgbọ́ ń tẹ̀ wọ́n láago, ó ń fèsì, wọ́n sì ń gbà á, síbẹ̀ orúkọ kò yí padà. Ẹ jẹ́ ká fi orísun sílẹ̀ nígbà náà, ká wo bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. A máa ń sọ pé "ó ti di àṣà". Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àṣà, kì í ṣe àṣà lánàá.

Ibi tó dùn mí jù ni ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà mẹ́ta la pín iṣẹ́ Yorùbá sí níbẹ̀: èdè, àṣà, lítíréṣọ̀. Bí a bá dé orí àṣà ìgbéyàwó, ìfojúsóde, alárinà, ìtọrọ àti ìdána lọmọ ń kà nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ yìí kan náà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sóde ìdána, ó bá alága ìdúró àti alága ìjókòó níbẹ̀, wọ́n ń gbérin, wọ́n ń ní kí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Kí ni kó pe èyí? Bí a bá sọ fún un pé àrà lásán ni, a ti kọ́ ọ pé àwọn òbí rẹ̀ kò ní àṣà, pé àwọn tó ti kú nìkan ló ní in.

Ẹ tún wo orin ìsìn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin òkèèrè, ohùn ọ̀rọ̀ ń forí gbárí pẹ̀lú ohùn orin, ìtumọ̀ ń dàrú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ wa, ó sì gbà wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àrà ni nígbà náà, mo gbà fún ẹ̀gbọ́n. Ìjọ tẹ́wọ́ gbà á, ọmọ bá a lẹ́nu ìyá, ó di àṣà.

Àrà lẹnì kan ń dá; bí ọ̀pọ̀ bá ṣà á, tí wọ́n ń ṣe é léraléra, àṣà ni. Èyí ni mo fẹ́ ká kọ síwájú ọ̀rọ̀ náà, kí "àbáláyé" ní ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni "ìṣe" nínú "àṣà àti ìṣe": ṣé ohun kan náà ni wọ́n, tí a kàn so pọ̀ kó lè dùn létí, àbí iṣẹ́ wọn yàtọ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.