Ṣé kí n jẹ́ kí bọ̀dá kan gbá géèmù wa tán lórí YouTube?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti àbúrò mi ń ṣe géèmù kan, ìtàn ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó bá ti mọ ẹni tó jí adé ọba, ó parí nìyẹn. Bọ̀dá kan fẹ́ gbá a látòkèdélẹ̀ lórí YouTube. Ìpolówó ọ̀fẹ́, mo mọ̀. Ṣebí 2018 ni géèmù Among Us jáde, àwọn ará Twitch, ìkànnì táwọn èèyàn ti máa ń gbá géèmù káwọn míì máa wò wọ́n, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 2020. Àmọ́ ìyẹn, àfi kéèyàn gbá a fúnra ẹ̀ kó tó gbádùn ẹ̀. Àwọn tó ṣe That Dragon, Cancer, géèmù onítàn bíi tiwa, figbe ta ní 2016 pé ọ̀pọ̀ èèyàn wo tiwọn tán lórí fídíò, wọn ò rà á. Ṣé kí n ní kó dúró ní orí kejì ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa ń ra géèmù ọ̀hún lẹ́yìn náà?