Fọ́tò dúdú-àti-funfun: ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníǹkì ni, àbí yàrá òkùnkùn?

Ọmọ Fíìmù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Nẹ́gátíìfù 35mm ni mò ń fi scanner gbé wọ kọ̀ǹpútà ní 3200 ppi (iye píksẹ́lì nínú íńṣì kan), màá wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà dídán, íńṣì 8 sí 10 tàbí 11 sí 14. Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Eérú (grẹ́è) inú fọ́tò ń fà sí àwọ̀ ewé lábẹ́ gílóòbù, bí mo bá gbé e dé ẹnu fèrèsé, á tún pọ́n díẹ̀. Dúdú rẹ̀ kò dú dénú, ńṣe ló dà bí èédú tó ti bu eruku. Gbogbo fọ́tò náà sì máa ń ṣókùnkùn ju bí mo ṣe rí i lójú kọ̀ǹpútà lọ. Ṣé kí n kúkú wá énlájà (ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán nẹ́gátíìfù sórí pépà) àti kẹ́míkà, kí n máa fọ fọ́tò ní yàrá òkùnkùn? Àbí ẹ̀rọ yìí ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò?

Eérú:

Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ yín tà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní orísun.

Ti àwọ̀ ewé yẹn: ẹ̀rọ tó bá ní íǹkì dúdú kan ṣoṣo, àdàlù cyan, magenta àti yẹ́lò ló fi ń ṣe eérú. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ lé, àwọ̀ á yọ. Iná kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń fà jáde lára àdàlù náà, ìdí nìyẹn tí fọ́tò kan náà fi ń yí padà láti abẹ́ gílóòbù dé ẹnu fèrèsé. Ẹ̀rọ tó yẹ iṣẹ́ yìí ni èyí tí íǹkì rẹ̀ jẹ́ pigment (àwọ̀ oníyẹ̀fun kíkúnná, kì í ṣe aró tó yọ́), tó sì ní dúdú, eérú àti eérú fẹ́ẹ́rẹ́ nínú kátíríìjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ irú Epson tó ní Advanced B&W Photo (ètò ìtẹ̀wé fún dúdú-àti-funfun), ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Eérú gan-an ni yóò máa lò, àwọ̀ tó kù á kàn wọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa darí àwọ̀, ẹ má tún lọ gbé profile pépà (fáìlì tó ń sọ bí pépà ṣe ń gba àwọ̀) lé e lórí, nítorí ìtọ́ni méjì á máa ta ko ara wọn.

Ti dúdú: orúkọ pépà wo lẹ yàn nínú ètò ìtẹ̀wé? Íǹkì dúdú méjì ló wà: Photo Black wà fún pépà dídán, Matte Black wà fún èyí tí kò dán. Bí ẹ bá yàn án sódì, Matte Black kò ní lẹ̀ mọ́ pépà dídán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ fi ìka nu ibi tó dú jù. Bó bá ràn mọ́ ìka, ẹjọ́ ti parí. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ̀yìn pépà lẹ tẹ̀. Ẹ fi omi tọ́ ìka, kí ẹ tẹ igun pépà: ojú tó bá lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ ni íǹkì ń gbé.

Ti òkùnkùn: ojú kọ̀ǹpútà yín ló tàn jù. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí àárín 80 sí 120 cd/m² (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà). Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀pá eérú olójú 21 jáde, láti 0 dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí 90, 95 àti 100 bá ti di ọ̀kan náà, ẹ gbé òjìji sókè díẹ̀ nínú fáìlì kí ẹ tó tẹ fọ́tò gan-an.

Píksẹ́lì kọ́ ni ìṣòro. 3200 ppi fún yín ní nǹkan bí píksẹ́lì 3000 sí 4500. Lórí pépà íńṣì 11 sí 14, ìyẹn á fún yín ní nǹkan bí 270 ppi, ó tó.

Iná Pupa:

Gbogbo ohun tí ọ̀gá Eérú sọ ni mo fara mọ́. Èyí tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má fi yàrá òkùnkùn ṣe ibi ìsádi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó dùn gan-an, ó sì ní àṣìṣe tirẹ̀.

Fún 35mm, lẹ́ńsì 50mm ni kí ẹ fi sí énlájà, ní f/8 (ìwọ̀n ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá), pẹ̀lú fílítà 2 (fílítà ló ń pinnu bí dúdú àti funfun ṣe máa yàtọ̀ síra tó). Ẹ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tan iná sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ fi páálí bo ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ tún tan 5, ẹ máa bò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi ní 5, 10, 15, 20 àti 25 lórí ègé kan. Developer (kẹ́míkà tó ń mú àwòrán yọ) ní 20°C, ìṣẹ́jú kan gbáko fún pépà onírọ́bà (èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á rí i pé fọ́tò ń dú kíákíá, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá 25. Irú dúdú bẹ́ẹ̀ kì í dú, á rí ṣákiṣàki bí ògiri tí omi gbà. Bó bá dú jù, iná énlájà ni kí ẹ dín kù. Láti ibẹ̀, stop bath (tó ń dá iṣẹ́ developer dúró) fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, fixer (tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba fọ́tò jẹ́ mọ́) tí ẹ pò ní 1+4, ìyẹn ìdá kan sí omi mẹ́rin, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ wá fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2. Fixer tó ti rẹ̀ ni ń sọ fọ́tò di rúsúrúsú tó bá pẹ́.

Ẹ yẹ iná pupa tí ẹ fi ń ríran nínú yàrá náà wò. Ẹ fún pépà ní ìmọ́lẹ̀ énlájà díẹ̀, ìwọ̀n tí yóò sọ ọ́ di eérú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé owó ẹyọ lé e lórí lábẹ́ iná pupa fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá fi developer fọ̀ ọ́. Bí àmì róbótó bá yọ, iná yẹn ń ba pépà yín jẹ́. Ẹ gbé e jìnnà.

Ọmọ Fíìmù:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo fi ìka nù ún, dúdú ràn mọ́ ọn. Pépà tí kò dán ni mo yàn nínú ètò. Ìbéèrè kan kù: nínú yàrá òkùnkùn, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá àkókò ni kí òun yí padà tàbí fílítà?

Òjìji:

Funfun ni kí ẹ fi yan àkókò. Ẹ wá ibi tó yẹ kó funfun àmọ́ kó ṣì ní ìrísí, bí ìkúukùu tàbí ìlà ara aṣọ, kí ẹ yan ìṣẹ́jú-àáyá tó gbé e jáde. Ẹ má wo dúdú nígbà yẹn rárá. Tí funfun bá ti bọ́ sí ààyè ni ẹ ó wá wo dúdú: bí kò bá dú tó, ẹ gbé fílítà lọ sí 3 tàbí 3½, bí òjìji bá ti dì, tí a ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 1½. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún ègé ìdánwò ṣe, torí fílítà tuntun lè yí àkókò padà.

Bí ẹ bá bọ́ sórí pépà fiber (èyí tí kò ní rọ́bà lára), nǹkan yí padà. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 nínú developer, ìṣẹ́jú 1 nínú fixer, lẹ́yìn náà omi fún ìṣẹ́jú 5, hypo clear (kẹ́míkà tó ń ran omi lọ́wọ́ láti fọ fixer kúrò) fún 10, omi fún 5. Láìsí hypo clear, wákàtí kan gbáko lábẹ́ omi. Ó sì máa ń dú sí i tó bá gbẹ. Ẹ ṣe ọ̀kan ní àkókò tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi í sínú omi. Ẹ ṣe mẹ́ta mìíràn tí àkókò wọn fi 4, 8 àti 12 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ẹ sá wọn gbẹ. Gbígbẹ tó bá jọ tútù yẹn ló ń sọ iye tí ẹ ó máa yọ kúrò lórí pépà náà.

Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ogún ẹ̀dà tí gbogbo wọn rí bákan náà, kó lo íǹkì. Ibi tí ẹ bá fi kún tàbí dí ìmọ́lẹ̀ wà nínú fáìlì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ṣe é. Ní yàrá òkùnkùn, gbogbo ẹ̀dà lọwọ́ yín gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n dúdú pépà fiber dídán ṣì jinlẹ̀ ju dúdú íǹkì lórí pépà tí kò dán lọ. Bí ìjìnlẹ̀ yẹn lẹ bá ń wá lára íǹkì, pépà baryta (pépà íǹkì tó jọ fiber dídán) ni kí ẹ rà, kí ẹ sì yan Photo Black.

Ẹ tún máa tẹ nozzle check (ìdánwò tó ń fi hàn bóyá ẹnu íǹkì ti dí) lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá jókòó láìṣiṣẹ́ ni íǹkì ń gbẹ sí lẹ́nu, àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa rí nínú eérú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.