Ewédú Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Ní ọdún 2019, ọkọ̀ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ̀ gbókìtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Èmi yè, àbúrò mi kò yè. Apá mi tó kán jinná láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bíréèkì ládùúgbò, ara mi á gbọ̀n, òógùn á bò mí, òórùn bẹntiróòlù á sì tún gba imú mi kan. Àwọn kan ní kí n dúpẹ́ pé mo wà láàyè, kí n yéé sunkún. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n rò sí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Abẹ́òkúta ní ọgbẹ́ ọkàn ni. Ó fún mi lóògùn, ó ń pè mí jókòó sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà tí mo lè máa fọwọ́ ṣe níta. Èyí kò ya ìyá mi lẹ́nu. Abúlé kan nítòsí Àró, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ wà ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí wọn bí Dókítà Adéoyè Lambo ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Ìyá mi gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n di irúgbìn ewédú sínú àkísà, wọ́n rì í bọ omi gbígbóná, wọn kò kà dé mẹ́wàá tí wọ́n fi yọ ọ́, nítorí èèpo rẹ̀ le, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí irúgbìn wẹ́wẹ́ náà fi ń dà sójú kan. Ìyá mi kò bá mi wí. Wọ́n bu yanrìn gbígbẹ, wọ́n pò ó mọ́ ọn, wọ́n ní kí n máa wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sí ẹran.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìpayà ló máa ń jí mi nírú àkókò yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni bóyá ewédú ti yọjú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rí ewé méjì-méjì tí erùpẹ̀ ṣì wà lórí wọn. Mo jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi yọ.

N kò fi ọgbà rọ́pò dókítà, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò lè kúrò lórí ibùsùn. Ìyá mi á gbé garawa omi sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láìsọ̀rọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ti gbé e lọ sí ọgbà.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a gé ewédú náà, a fi kùkùté sílẹ̀ kó lè tún rú. Àbúrò mi ló máa ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú nílé wa. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo mú ìjábẹ̀ náà. Mo sunkún lórí ìkòkò, mo sì jẹun tán. Nígbà tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó jí.