Ìdádúró ọmọdé kọ́, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe emancipation, ìyẹn kí ilé-ẹjọ́ yọ ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ òbí rẹ̀, ní "ìdádúró ọmọdé". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Bí mo bá wí fún ìyá kan ní kóòtù pé "ọ̀rọ̀ ìdádúró ọmọ yín la fẹ́ sọ", yóò bú sẹ́kún ni, torí ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n ti mú ọmọ òun tì mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n ní a ṣáà ń sọ pé "mọ́fíìmù adádúró", ìyẹn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, tó sì lè dá dúró. Àmọ́ a- ló wà níbẹ̀, a- sì ń tọ́ka sí olùṣe: ohun tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ì- kò sọ ẹni tó ṣe é. Ẹ wá lẹ "ọmọdé" mọ́ ọn nídìí, ọmọdé di àbọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí. Ẹni tó dá dúró di ẹni tí wọ́n dá dúró!

Ohun tó jẹ́ kí n ta kú ni pé ẹjọ́ ọ̀daràn lè wọ inú ọ̀rọ̀ emancipation yìí. Ní Kalifọ́níà tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀, ọmọ ọdún 14 sókè lè bẹ ilé-ẹjọ́ fún emancipation, bó bá ń gbé lọ́tọ̀ tinútinú, tí òbí gbà bẹ́ẹ̀, tó ń bójú tó ìnáwó ara rẹ̀, tí owó náà kì í sì í ṣe owó ìwà ọ̀daràn. Bí ọmọ náà bá wà lábẹ́ probation ńkọ́, ìyẹn kí ilé-ẹjọ́ máa ṣọ́ ẹni tó ṣẹ̀ dípò kí wọ́n tì í mọ́lé? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí adájọ́ bá dá a padà sílé, lọ́pọ̀ ìgbà kò gbọ́dọ̀ sí níta láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ àfi kí òbí rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe fi hàn pé òun ti ń dá gbé? Bó bá tilẹ̀ rí ìwé emancipation gbà, ìwé ọ̀hún kò pa ẹjọ́ ọ̀daràn rẹ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ òbí, kò bọ́ lọ́wọ́ adájọ́.

Ẹni tó ní probation ni "ìdánwò" náà ṣì í. Ta ló ń bi ọmọ náà ní ìbéèrè? Ìṣọ́ ni. Ó wà lábẹ́ ìṣọ́ ilé-ẹjọ́.

Bàbá mi àgbà, ahunṣọ ni wọ́n ní Ìsẹ́yìn. Bí ọmọ bá ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, wọn a ní "ó ti dá oko tirẹ̀". Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́, "ó ti gba òmìnira". Ibẹ̀ ni mo ti mú tèmi: ìgbòmìnira lọ́wọ́ òbí. "Lọ́wọ́ òbí" yẹn ni kí ẹ má gé kúrò, torí òun ló sọ ọwọ́ tí ọmọ ti gbà á.

Ẹni tó ní òkè òkun ti ba èdè mi jẹ́, Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi túmọ̀ gbólóhùn yìí pẹ̀lú "ìdádúró" yín: "Wọ́n dá a dúró nítorí pé ó fẹ́ dá dúró." Mò ń retí èsì.