Igi tí a fi ń di páìpù ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà mú nínú fáìsì

Mẹkáníìkì Mushin: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù ṣọ́ọ̀kì iwájú, 30 mm, ni mo fẹ́ dì mú kí n lè tú bóòtù orí rẹ̀. Eyín fáìsì, irin orí tábìlì iṣẹ́ tí a fi ń fún nǹkan mú, ń ha á lára. Tí mo bá sì fi àkísà wé e, ṣe ló ń yí. Irú igi wo ló dáa, báwo ni mo ṣe máa gé e?

Káfíńtà Ẹ̀bútè Mẹ́ta: Ìrókò tàbí apá tó ti gbẹ dáadáa ni. Arère rọ̀ jù. Gígùn 8 cm, gíga 8, nínípọn 7. Ẹ lu ihò 30 mm já, kí ẹ tó fi ayùn la igi sí méjì gba àárín ihò náà. Ayùn á jẹ tó 2 mm. Àyè yẹn ló ń jẹ́ kó fún páìpù. Tí abala méjèèjì bá fi lè kanra, igi ló ń fún ara wọn nìyẹn, páìpù á ṣì máa yí.

Ẹ wo ìlà ara igi o! Ihò gbọ́dọ̀ dábùú rẹ̀. Tó bá bá ìlà lọ, fáìsì á là á bí igi ìdáná.

Oníṣọ́ọ̀kì Ládípọ̀: Ẹ fi pẹtiróòlù nu epo kúrò lára páìpù, kí ẹ fi ẹfun kun inú igi. Òkè, níbi tí ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ti ń dì í mú, ni kí ẹ dì. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ń gbà. Páìpù náà ṣófo, ẹ má fún un jù.

Sípíríǹgì wà lábẹ́ bóòtù yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá ku díẹ̀ kó jáde, kó má baà ta sí yín lójú.