Wọ́n ń ti ẹ̀wọ̀n ọmọdé pa l'Amẹ́ríkà, kí ni wọ́n wá ń ṣe fáwọn ọmọ ọ̀hún?

Ìyá Bíọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ibí, California ti ti àwọn ẹ̀wọ̀n ọmọdé tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ pa ní 2023. New York náà ti ń bá tiẹ̀ bọ̀ tipẹ́. Ṣé wọ́n kàn ń tú wọn sílẹ̀ ni? Ọmọ tó fọ̀bẹ gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn, ṣé ilé ìyá ẹ̀ náà ló máa sùn?

BàbáDámi_Bronx: Rárá o mà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ Bronx níbí nínú ìlú New York tí kọ́ọ̀tù bá dá lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọmọdé tó wà lókè ìpínlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbé e lọ, ọ̀pọ̀ wákàtí nínú bọ́ọ̀sì, ìyá wo tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló máa ráyè lọ wò ó, èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé ìwé tó kà lọ́hùn-ún, súkúù ìgboro kì í sábà gbà á wọlé fún un tó bá dé, ló bá di pé ó ń tún kíláàsì kà, kò sì pẹ́ tó fi súkúù sílẹ̀. 2012 ni wọ́n ṣòfin Close to Home, ilé kéékèèké nítòsí àwọn òbí ni wọ́n ń gbé báyìí, ìwé wọn sì ń wọlé. Èyí tọ́ràn ẹ̀ ò le, ilé ló ń sùn, òṣìṣẹ́ á máa wá wo òun àti òbí ẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Àkẹ́jù ni jàre. Ẹni tí wọ́n gba fóònù ẹ̀ ńkọ́?

Àdùkẹ́Boston: @Ọmọ_Ìjẹ̀bú bọ̀dá, kò kúkú sẹ́ni tó ní kí wọ́n má bá ọmọ wí. Massachusetts níbí, Jerome Miller tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀wọ̀n ọmọdé gbìyànjú àtúnṣe títí, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò yéé lu àwọn ọmọ, ló bá kúkú ti àwọn ẹ̀wọ̀n náà pa. Títí kan Lyman School, ẹ̀wọ̀n ọmọdé tó ti wà látọdún 1848! January 1972 ló kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí yunifásítì ní Amherst fún bí oṣù kan, àwọn stúdẹ́ǹtì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ríbi fi wọ́n sí. Wọ́n ṣáà fi ibi títì díẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tọ́ràn wọn burú.

Tíṣà_Ẹ̀gbá: Nàìjá náà ní in lófin o, Child's Rights Act ti 2003 fàyè gba kí ọmọ wà lábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, kó máa ṣiṣẹ́ ìlú. Àmọ́ ẹ wo Borstal, ẹ̀wọ̀n ọmọdé tó wà l'Ádígbẹ, Abẹ́òkúta, àwọn òbí kan ló fọwọ́ ara wọn mú ọmọ lọ síbẹ̀ pé apá àwọn ò ká a mọ́. Wọn ò rẹ́nì kankan ní àdúgbò tó lè bá wọn dá sí i ni, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ò tó nǹkan rárá, kí gọ́ọ́mẹ́ntì gba àwọn yẹn síṣẹ́ ná ká tó máa bú òbí.