"Séèfù" fáìlì iṣẹ́ máàpù: mi ò fara mọ́ "fi pamọ́"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí a ń sọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè lórí ohun tí a máa kọ síbi "Save Project" nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, tá a ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa ní "Fi iṣẹ́ pamọ́", Àǹtí ní "Tọ́jú iṣẹ́". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Sábó, n'Ífẹ̀ níbí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ya máàpù ilẹ̀ ẹbí kan ní Iléṣà, ó kun ọ̀nà, ó kun ààlà, ó tò ó dáadáa, nígbà tó parí ó da fáìlì .qgz, èyí tí "Save Project" ń ṣe, nìkan sórí fláàṣì ó sì wọ mọ́tò lọ bá wọn. Ìgbà tó máa ṣí i níwájú bàbá olórí ẹbí, orúkọ ẹbí wà lókè gàdàgbà, ọfà àríwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ò sí. Funfun báláú. Bàbá ní ṣé wọ́n ti ta ilẹ̀ àwọn ni. Ló bá pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n: "Ọ̀gá, mo séèfù ẹ̀ o, mo fi í pamọ́ dáadáa!" Kò sì parọ́. Ó fi í pamọ́ débi pé kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Fáìlì yẹn ò gbé ilẹ̀ kankan sínú. Ẹ yí orúkọ .qgz sí .zip kẹ́ ẹ tú u wò, .qgs lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ fi Notepad ṣí i, ọ̀rọ̀ lásán ni, ó ń sọ pé lọ mú ààlà nínú fódà báyìí, pupa ni kó o kùn ún. Bí ìgbà téèyàn ń júwe ilé fún àlejò ni, ẹni tó júwe ilé ò tíì gbé ilé fúnni. (Ká ní gbogbo fódà ló gbé ni, ì bá rí ilẹ̀ ẹ̀, torí QGIS fúnra ẹ̀ máa ń júwe bíi "ilé kẹta sí tiwa", kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí C: àyàfi téèyàn bá yí i.) Ìpele ("layer", bí ọ̀nà tàbí ààlà tá a tò léra wọn lórí máàpù) ìgbà díẹ̀ ńkọ́, èyí tó jẹ́ orí mẹ́mórì ló wà? Ẹ séèfù iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tẹ́ ẹ bá pa QGIS ó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà "Ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́" ni tèmi. Ká fi "tọ́jú" ti Àǹtí sílẹ̀ fún ìpele, níbi tí ààlà tá a yà ti ń wọnú GeoPackage, fáìlì tó ń gbé ààlà fúnra ẹ̀, lóòótọ́. Tá a bá ní kí màmá bá wa tọ́jú owó, owó ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìwé tó sọ ibi tí owó wà.

Ẹnì kan á ní kí ló dé tí kì í ṣe "Kọ iṣẹ́ sílẹ̀", tó kúrú. Mo rò ó dáadáa. Àmọ́ "kọ̀" tó túmọ̀ sí kí èèyàn pa nǹkan tì, tí nǹkan bá ti tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀ á sọnù, a ṣáà ń sọ pé ó kọ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀. Kódà tí àmì bá pé pérépéré, "Kọ iṣẹ́ sílẹ̀" ṣì lè máa lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ronú báyìí. RECTAS, ilé ẹ̀kọ́ nípa máàpù tó ti wà láti 1972, tí wọ́n ń pè ní AFRIGIST báyìí, nínú ọgbà OAU, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo QGIS ti Faransé, "Enregistrer" ló máa tẹ̀, ìyẹn ṣe àkọsílẹ̀. Ta ló wá ní ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé?

"Save As", "Ṣàkọsílẹ̀ lórúkọ mìíì" ti tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá lọ́wọ́ "gẹ́gẹ́ bíi". "Iṣẹ́ àkànṣe" fún "Project", ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún gọ́mìnà tó ń ṣí bọ̀ọ̀hóòlù.

Ẹ̀gbọ́n wa, ìbéèrè kan péré ni mo ní fún yín. Àpótí kékeré tó wà níwájú ìpele kọ̀ọ̀kan, téèyàn bá yọ àmì inú ẹ̀ tí ìpele yẹn ò hàn mọ́, tí "fi pamọ́" bá ti wà lórí séèfù, kí la máa pe ìyẹn?